Ẹ̀lulùú tí mo pè

Aago mẹ́fà ààbọ̀ kò tíì lù tí mo fi dé etí dáàmù Ọ̀pá, nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ìrì ti rin ṣòkòtò mi dé orúnkún. Ẹ̀lulùú ni mo wá fi kámẹ́rà yà. Kì í ṣe ẹyẹ tó ṣọ̀wọ́n, kò sẹ́ni tí kì í gbọ́ igbe ẹ̀ ní Ifẹ̀ bí òjò bá ṣú, àmọ́ inú igbó dídí ló ń rá pálá sí. Ìrù ẹ̀ ni èèyàn sábà máa ń rí.

Mo dúró fún wákàtí kan, kò yọjú. Ni mo bá mú fóònù, mo tẹ igbe ẹ̀lulùú tí mo ti gbà sílẹ̀ látorí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tó fi bà sórí ẹ̀ka níwájú mi: orí dúdú, ẹ̀yìn pupa rúsúrúsú, ojú pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Mo yà á. Mo tún tẹ igbe náà. Ó fò sọ́tùn-ún, ó fò sósì, ó ń wá àlejò tó wọ ilẹ̀ ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo tẹ̀ ẹ́.

Màmá kan tó ń lọ sóko dúró wò mí. "Ọmọ mi, ṣé ìwọ lò ń ké bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Fóònù ni, Mà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀lulùú tó ń pe òjò, orí ara ẹ̀ ló ń pè é lé o." Ó bá tiẹ̀ lọ.

Ilé ni mo ti fẹ àwòrán náà lójú lórí kọ̀ǹpútà kí n tó rí i pé tata wà lẹ́nu ẹ̀. Odidi tata, itan ẹ̀ nà síta. Ẹyẹ tó fẹ́ jẹun fúnra ẹ̀ á ti gbé e mì. Èyí tó bá ń gbé kòkòrò kiri, àwọn kan ń yánu dè é nínú ìtẹ́. Nígbà tó fi máa di àwòrán 23, ẹnu ẹ̀ ti ṣófo.

Àwa tá à ń gbé kámẹ́rà máa ń fọ́nnu pé a kì í ṣe ọdẹ. Mo ti bá àwọn kan jà rí torí wọ́n gé ewé tó bo ìtẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Oòrùn á máa pa ọmọ ẹyẹ, àwòdì náà á sì rí wọn látòkè. Mi ò gé ewé rí, ìyẹn ni mo fi ń gbéra ga.

Nírọ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi kan tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, níbo gan-an lẹ ti yà á?" Mo ní Ifẹ̀ ni. Ó ní Ifẹ̀ tóbi. Mi ò dáhùn mọ́. Kò sẹ́ni tó máa dẹ okùn fún ẹ̀lulùú tìtorí àwòrán mi, àmọ́ mi ò fẹ́ kí sísọ ibi tí ẹyẹ wà mọ́ mi lára. Fóònù máa ń kọ ibi téèyàn dúró sínú àwòrán. Ká ní odíderẹ́ ni ńkọ́? Láti 2017 ni òfin àgbáyé ti ka títa odíderẹ́ igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn léèwọ̀, síbẹ̀ àwọn tó ń mú un kò tíì sinmi. Ìwó tí à ń kì ní ilé odíderẹ́, ọmọ mélòó níbẹ̀ ló ti rí i lórí igi?

Mi ò tíì pa igbe náà rẹ́ nínú fóònù. Mo sì ti wo àwòrán yẹn tán, gbogbo ẹ̀. Nọ́ńbà 23, èyí tí ẹnu ẹ̀ ṣófo, òun ló dáa jù.