Omi tútù kì í lé ọtí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lójú ọ̀nà Èkó

Ìsìnkú bàbá ọ̀rẹ́ mi la bá lọ sí Ìbàdàn. Aago 9 alẹ́ ni mo ṣí ìgò bíà àkọ́kọ́, aago 1 òru ni mo mu ìkẹrin tán. Ìgò ńlá ni gbogbo wọn. Èmi náà ni mo sì máa wa èrò mẹ́ta padà sí Èkó. Mo jí ní aago 5, mo fi omi tútù wẹ̀, mo mu kọfí dúdú, mo jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ara mi yá gágá. Aago 5:30 la gbéra.

A kò tíì dé Ṣàgámù tí tírélà iwájú wa fi tẹ bíréèkì. Mo rí iná ẹ̀yìn rẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ mi kò tètè gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló kígbe. Mo yà bàrá, táyà wọ inú koríko, Ọlọ́run ló yọ wá. Ọwọ́ mi gbọ̀n débi pé n kò lè yí kọ́kọ́rọ́ pa ọkọ̀.

Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Mo sọ fún un pé ọtí ti dá lójú mi kí n tó gbéra. Ó ní, "Àbúrò mi, ara lo wẹ̀, o ò fọ ẹ̀jẹ̀."

Ó ní inú ikùn àti ìfun ni ọtí ti ń wọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì gbé e dé ọpọlọ. Oúnjẹ tí èèyàn jẹ kó tó mu lè jẹ́ kó rọra wọlé. Èyí tí mo jẹ láàárọ̀ ti pẹ́ jù. Díẹ̀ nínú ọtí ló ń bá ìtọ̀, òógùn àti èémí jáde. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe ìyókù, ó lé ní ìdá 9 nínú 10. Ẹ́ńsáìmù kan níbẹ̀, ìyẹn èròjà ara tó ń yí nǹkan kan padà di òmíràn, á sọ ọtí di acetaldehyde, májèlé gidi nìyẹn. Òmíràn á sọ májèlé yẹn di acetate, ìyẹn ni ara á wá sọ di omi àti afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta.

Ibi tó dùn mí jù ni ìṣirò rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ kì í yára torí pé ọtí pọ̀. Nǹkan bíi gíráàmù 8 ògidì ọtí ló ń rí tú ká ní wákàtí kan. Ti ẹlòmíràn lè dín, ti ẹlòmíràn lè lé. Ìgò bíà sẹ̀ǹtílítà 60, tí ọtí inú rẹ̀ jẹ́ 5 nínú 100, ní nǹkan bíi gíráàmù 24. Wákàtí 3 fún ìgò kan nìyẹn. Ìgò 4, wákàtí 12. Aago 9 àárọ̀ ló yẹ kí ara mi mọ́, èmi sì ti di sítíárìn mú ní 5:30. Ọtí tó lé ní ìgò kan ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Kọfí kàn lé oorun lójú mi ni, kò ran ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ rárá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń mu ẹmu, ẹ má rò pé ó yọ yín sílẹ̀. Bí ẹmu bá ṣe ń pẹ́ nínú agbè ló ń le sí i. Ẹni tó sì ń mutí púpọ̀ lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ máa da parasítámọ̀ sẹ́nu bó ṣe wù ú, torí ẹ̀dọ̀ kan náà ló ń bá méjèèjì jà.

Ní Sátidé tó kọjá, ìgò méjì ni mo mu, aago 10 alẹ́ ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo ka wákàtí 6, mo fi 2 lé e. Nígbà tí oníbàárà mi pè pé kí n wá gbé òun ní aago 4 ìdájí, mo bẹ̀ ẹ́ pé ó di aago 6. Ó bínú. Mo tún bẹ̀ ẹ́.