Ohun tí iṣan ń fẹ́ lára ohun àtọwọ́dá

Kétu, Ọjọ́bọ̀, lálẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé kan tán nípa àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń wá bí sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára yóò ṣe bá ike àti irin gbé. Mo ti rò pé àìlágbára ohun èlò ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Líle rẹ̀ ni.

Sílíkọ́nì líle (silicon) tí wọ́n fi ń ṣe abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kì bọ ọpọlọ láti gbọ́ ohun tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń sọ fi ìlọ́po tó ju mílíọ̀nù lọ le ju ọpọlọ lọ. Ọpọlọ kì í sì í dúró sójú kan: bí a bá mí, ó ń mì; bí ọkàn bá lù, ó ń mì. Abẹ́rẹ́ ò lè bá a mì. Yóò máa họ ọ́, ara á wá fi àpá yí abẹ́rẹ́ náà ká, títí kò fi ní gbọ́ ohun tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ń sọ mọ́. Ike rọ̀ ju irin lọ; ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn sí iṣẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta, Heeger, MacDiarmid àti Shirakawa, tí wọ́n fi hàn ní 1977 pé iná mànàmáná lè gba inú ike kọjá. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2000. Lónìí, àwọn olùwádìí ń fi irú ike bẹ́ẹ̀ bo ojú irin kí iṣan lè gbà á mọ́ra.

Orí gíláàsì lásán, sẹ́ẹ̀lì iṣan kì í fẹ́ lẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fi purotéènì bíi laminin kun ojú gíláàsì náà. Bí wọ́n bá sì fa ilà tín-tìn-tín sí i, iṣan á máa tọ ilà náà lọ bí iṣu ṣe ń tọ igi tí àgbẹ̀ fi gbè é.

Nítorí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo ṣe ń ka gbogbo èyí. Gíláàsì fèrèsé gé wọn lọ́rùn ọwọ́, ó sì dé iṣan tó ń jẹ́ kí àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀lé e mọ nǹkan lára. Aránṣọ ni wọ́n! Ní Kútọnú ni àwọn dókítà ti rán iṣan náà pọ̀. Ká ní àlàfo ti wà láàárín ojú méjèèjì ni, wọn ìbá lè fi ọ̀pá kékeré oníhò tí wọ́n fi collagen, irú purotéènì kan, ṣe so ó, kí iṣan gba inú rẹ̀ hù kọjá. Ṣùgbọ́n bí àlàfo bá ti ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, ọ̀pá òfìfo kì í sábà tó. Ibẹ̀ gan-an ni ìwádìí pọ̀ sí báyìí.

"Ọmọ mi, ìgbà wo ni n ó tó mọ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́?"

Mo ní, "Ẹ ní sùúrù, Ìyá. Bíi mìlímítà 1 ni iṣan ń hù lóòjọ́ láti ojú ibi tí wọ́n ti rán an." Láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka wọn lé ní sẹ̀ǹtímítà 15, nítorí náà ó ju oṣù márùn-ún lọ.

Jules Tinel, oníṣègùn ará Faransé, kọ ọ́ ní 1915 pé bí a bá ń fi ìka kan ojú ọ̀nà iṣan jẹ́jẹ́, ibi tí orí iṣan tó ń hù dé ni yóò ti dà bíi pé nǹkan ń gún aláìsàn dé orí ìka. Mo dán an wò lára wọn. Ó ti wọ àtẹ́lẹwọ́.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni áyọ́ọ̀nù eléèédú wọn. Ọwọ́ tí kò mọ ooru lè jó kí wọ́n tó mọ̀. Mo ti ní kí ọmọ iṣẹ́ wọn máa lọ aṣọ. Inú wọn ò dùn sí i, ṣùgbọ́n n kò ní yí i padà.