Àyẹ̀wò ọdún 2024 mi: èmi àti eré ìje

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún ti fẹ́ tán. Mo ti ṣèlérí fún ara mi pé lọ́tẹ̀ yìí mi ò ní kọ "mo dúpẹ́, ọdún tó ń bọ̀ á san wá" kí n sì gba ibùsùn lọ, mo fẹ́ jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, torí ó ti wà lọ́kàn mi láti oṣù kẹta, mi ò sì tíì bá ẹnikẹ́ni sọ gbogbo ẹ̀ tán, títí kan ọkọ mi.

Kìlómítà 1,614 ni fóònù mi ní mo sá lọ́dún yìí. Eré ìje márùn-ún ni mo forúkọ sílẹ̀ fún. Mo parí mẹ́ta, mo jáwọ́ nínú ọ̀kan lójú ọ̀nà, mi ò sì yọjú sí ọ̀kan rárá. Ẹni tó bá ń sá bíi tèmi á mọ̀ pé méjì tó kẹ́yìn yẹn ló gba gbogbo àyè lọ́kàn mi.

Fún ẹni tí ò bá mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni, nígbà tí àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta lásán ti ń mú mi mí hẹlẹhẹlẹ, tí dókítà sì ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ga. Mo máa ń sáré fún ìṣẹ́jú kan, mo á rìn fún méjì, mo á tún sáré. Mo máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí mi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sá ogún ìṣẹ́jú láìdúró, mo dúró sẹ́bàá ọ̀nà, mo ń dá rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi. Kò sí aago lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Títí dòní mi ò mọ bí mo ṣe yára tó.

Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló wá ní kí n wá bá àwọn sá kìlómítà 10, kí n kàn wá wò ó. Mo lọ, mo sá a ní 58:41, ìyẹn ìṣẹ́jú 58 àti ìṣẹ́jú àáyá 41, wọ́n sì ti fi nọ́ńbà yẹn ránṣẹ́ sórí fóònù mi kí òógùn ara mi tó gbẹ. Ibẹ̀ ni nǹkan ti yí padà. Kí n tó mọ̀, gbogbo àárọ̀ tí mo bá jáde ti di ìdánwò, bí mo bá sá kìlómítà kan ní 6:10 inú mi á dùn, bó bá di 6:40 mo á máa bínú sí ara mi títí di ọ̀sán, àwọn ọmọ á bi mí ní nǹkan mo á jágbe mọ́ wọn. Nítorí ìṣẹ́jú àáyá 30. Ó dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Eré àkọ́kọ́ lọ́dún yìí, kìlómítà 10 ti oṣù kejì, mo sá a ní 51:20, kò sí nǹkan púpọ̀ láti sọ nípa ẹ̀. Ohun tí mo rántí nípa oṣù yẹn ni ikú Kelvin Kiptum, sárésáré ọmọ Kenya. Ọmọ ọdún 24. Ní oṣù kẹwàá 2023 ló sá márátọ́ọ̀nù ní 2:00:35 ní Chicago, títí di ìgbà náà èèyàn kankan ò yára tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ìdíje, gbogbo wa sì ti ń ka oṣù de márátọ́ọ̀nù Rotterdam, pé bóyá níbẹ̀ ló máa ti wọ abẹ́ wákàtí méjì. Jàǹbá mọ́tò ló pa á ní Kenya. Mo sunkún bíi pé ará ilé mi ni. Ọmọdé tí gbogbo ayé ń fi aago dúró dè, ká jí lọ́jọ́ kan ká gbọ́ pé kò sí mọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ẹ̀, àmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko mi ò lè wo aago mi.

Ọ̀sẹ̀ kan náà ni o. Lẹ́yìn ẹ̀ mo padà sídìí aago, torí márátọ́ọ̀nù oṣù kẹta ti sún mọ́lé, mo sì fẹ́ wọ abẹ́ wákàtí mẹ́rin. Ẹni tó bá fẹ́ sá kìlómítà 42.195 lábẹ́ wákàtí mẹ́rin, kìlómítà kan ò gbọdọ̀ gbà á ju 5:41 lọ. Mo mọ̀ ọ́n lórí, síbẹ̀ mo fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́ mi. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, oorun ò kùn mí rárá. Mo tẹ́ síngílẹ́ẹ̀tì mi sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń fi píìnì mẹ́rin so bébà nọ́ńbà eré mi mọ́ ọn, ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé mo gún àtàǹpàkò mi, ẹ̀jẹ̀ kán sétí bébà nọ́ńbà náà. Mo lọ tọ́lẹ́ẹ̀tì ẹ̀ẹ̀marùn-ún kílẹ̀ tó mọ́, àyà mi ń lù kìkì, mo sì ń bi ara mi pé ta ló rán mi níṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n dá wa sílẹ̀, ẹsẹ̀ mi fúyẹ́ bí ìyẹ́. Èrò ń sá, èmi náà ń sá, mo wo aago, 5:15, mo mọ̀ pé ó ti yá jù, mo sì ń sọ fún ara mi pé mò ń tọ́jú ìṣẹ́jú pamọ́ de iwájú. Mo dé kìlómítà 10 ní ìṣẹ́jú 53. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kò sóhun tó ń jẹ́ títọ́jú ìṣẹ́jú pamọ́ nínú márátọ́ọ̀nù. Ṣúgà tí ara kó jọ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, tí wọ́n ń pè ní glycogen, ó níwọ̀n, ọ̀pọ̀ èèyàn ni tiwọn máa ń fẹ́ tán láàárín kìlómítà 30 sí 35, béèyàn bá sì ṣe ń yára sí i ni ara á ṣe máa jó o sí i. Ọ̀rá wà lára lóòótọ́, àmọ́ kì í tètè di agbára bíi ṣúgà. Èmi ti ná tèmi tán kọ́jà tó kún.

Ní kìlómítà 31 pajápajá gbá mi nítan ọ̀tún mú. Mo rìn, mo sá, mo tún rìn. Ní 34, ẹsẹ̀ méjèèjì kọ̀ jálẹ̀, mo jókòó sórí òkúta kan létí ọ̀nà. Obìnrin kan lára àwọn tó ń pín omi bẹ̀rẹ̀ síwájú mi, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ṣé ẹ ṣì fẹ́ máa lọ?" Ẹnu mi ò lè sọ ọ́. Mo kàn mi orí pé rárá.

Bọ́ọ̀sì kan ló ń kó àwọn tó jáwọ́. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, òórùn òógùn àti ìpara ẹsẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ń yọ píìnì kúrò láyà síngílẹ́ẹ̀tì mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń tò wọ́n sínú àtẹ́lẹwọ́. Bàbá àgbàlagbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ibo lo dé?" Mo ní 34, sà. Wọ́n ní, "O gbìyànjú. Èmi dé 27." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n tún ní, "Ẹlẹ́ẹ̀kẹta tí màá wọ bọ́ọ̀sì yìí rèé." Mo bi wọ́n pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ti wá sá a. Wọ́n ní mọ́kànlá. Wọ́n wá gba píìnì mẹ́rin yẹn lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ọ̀kan kọ́ ọ̀kan títí ó fi dà bí ẹ̀wọ̀n kékeré, wọ́n dá a padà fún mi, wọ́n ní, "Tọ́jú ẹ̀." Mi ò mọ orúkọ bàbá yẹn. Mo máa ń rò wọ́n gan-an.

Èyí tí mi ò yọjú sí, ìdajì márátọ́ọ̀nù oṣù karùn-ún ni. Mo sọ nílé pé kókósẹ̀ ń dùn mí. Irọ́ ni. Kókósẹ̀ mi ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rù ló bà mí, mo ń rí bọ́ọ̀sì yẹn lójú oorun. Ọkọ mi bu omi gbígbóná sínú báàsì, ó kúnlẹ̀, ó ń fi aṣọ jó kókósẹ̀ tí ò dùn mí, ó ń béèrè pé ṣé ibí ni àbí ibí, mo ń dáhùn pé ibẹ̀ ni. Mi ò lè wojú ẹ̀. Ọkọ mi, tó o bá ka èyí, jọ̀ọ́ má bínú, ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ fún ẹ.

Oṣù kẹfà ni mo bọ́ aago sínú dírọ́à, mo ní mo máa sá lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ò lè mọ bí ọrùn ọwọ́ mi ṣe rí, ibi tí okùn aago máa ń wà mọ́lẹ̀ ju gbogbo ọwọ́ tó kù lọ, mo sì ń yíjú síbẹ̀ ṣáá lójú ọ̀nà bíi pé mo máa rí nọ́ńbà níbẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó jáwọ́. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń gbọ́ ara mi: ìṣísẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń fa èémí sínú, méjì ni mo fi ń tú u jáde. Mo ń sá wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹnì kan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mo lè bá a tàkúrọ̀sọ láìdá ọ̀rọ̀ dúró. Mo ti kà á tipẹ́, ohun tí Stephen Seiler, onímọ̀ nípa eré ìdárayá, rí nígbà tó ń wo bí àwọn elére ńlá ṣe ń múra sílẹ̀, pé nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìmúrasílẹ̀ wọn ni wọ́n ń rọra ṣe. Èmi tí mi ò rí tiwọn ṣe, ojoojúmọ́ ni mò ń fi agbára sá bíi pé wọ́n ń lé mi. Abájọ tí ojúgun mi fi ń dùn mí lọ́dọọdún.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tó kù. Oṣù keje, tí kò sí eré ìje kankan níwájú mi, kìlómítà 61 péré ni mo sá. Aago ìdájí á dún, mo á pa á, mo á yíra padà. Eré tó ń dẹ́rù bà mí yìí náà ló ń jí mi.

Oṣù kẹjọ, a jókòó nílé à ń wo Olympics ti Paris. Eliud Kipchoge, ẹni tó gba góòlù ní Rio tó tún gbà á ní Tokyo, ẹni tó sá márátọ́ọ̀nù ní 1:59:40 ní Vienna lọ́dún 2019, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn kì í ṣe ìdíje, òun náà jáwọ́ lẹ́yìn nǹkan bí kìlómítà 30. Ẹ̀yìn ló ń dùn ún. Ó rìn létí ọ̀nà, ó bọ́ bàtà ẹ̀ fún àwọn èèyàn. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bi mí pé, "Màmá, ṣé wọ́n máa bínú sí i?" Mo ní rárá o, ta ló máa bínú sí Kipchoge. Ó wò mí, ó ní, "Kí ló dé tí ẹ̀yin wá bínú sí ara yín?"

Mi ò rí èsì fún un. Lọ́jọ́ kejì, àwa méjèèjì la jọ wo ti àwọn obìnrin, a ń pariwo nígbà tí Sifan Hassan já Tigst Assefa sílẹ̀ nígbẹ̀yìn eré, 2:22:55, lẹ́yìn tó ti gba àmì ẹ̀yẹ bàbà méjì, ti ipò kẹta, nínú 5,000 àti 10,000 mítà. Mo sọ fún ọmọ mi pé ọdún 1984 ni wọ́n tó jẹ́ kí obìnrin sá márátọ́ọ̀nù ní Olympics. Ó rò pé irọ́ ni mò ń pa.

Oṣù kẹwàá mo bá ọ̀rẹ́ mi sá ìdajì márátọ́ọ̀nù ẹ̀ àkọ́kọ́. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wo bó ṣe ń mí. Ní kìlómítà 18 ó bú sẹ́kún, ó ní òun ò lọ mọ́, mo ní kó má wo ọ̀nà, kó máa wo fìlà pupa ti ọkùnrin tó wà níwájú wa, ká ṣáà tẹ̀ lé fìlà yẹn. A parí ẹ̀ ní 2:24:10. Àyà mi ò já rárá lọ́jọ́ náà, ayọ̀ ẹ̀ sì kún inú mi. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn obìnrin tá a jọ máa ń sá tẹ́lẹ̀ kọjá lára wa ní kìlómítà 6, nǹkan kan ta mí nínú. Ó ta mí gan-an ni. Mo fẹ́ tẹ̀ lé wọn.

Ìyẹn ló gbé mi lọ sí kìlómítà 10 ti oṣù kọkànlá, tí mo sá tọkàntara. Láti kìlómítà 6 ni obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹsẹ̀ wa ń dún pọ̀, bí mo bá rẹ̀yìn díẹ̀ ó á rọra fa mi lọ, bó bá rẹ̀yìn èmi náà á fà á, a ò bára wa sọ̀rọ̀ kankan títí dé ìlà. 49:38. Mi ò wọ abẹ́ ìṣẹ́jú 50 rí láyé mi. A dì mọ́ra wa, òógùn òun àti tèmi dà pọ̀, a ń sunkún. Kò sí àárọ̀ kan tí mo dá jáde tó lè fún mi nírú ẹ̀. Mo délé, mo jẹun, mo wẹ̀, inú mi ń dùn, nígbà tó máa fi di aago mẹ́wàá alẹ́ mo ti ń ṣírò bó ṣe máa di 48.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ṣí ìforúkọsílẹ̀ márátọ́ọ̀nù yẹn, ọ̀kan náà tí mo ti jáwọ́. Fọ́ọ̀mù ń béèrè iye wákàtí tí mo rò pé mo máa fi sá a. Mo kọ 4:00, mo pa á rẹ́. Mo kọ 4:30, mo tún pa á rẹ́, mo ti fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo lọ fọ abọ́. Nígbà tí mo padà, mo kọ 4:15, mo tẹ̀ ẹ́ kí n tó yí ọkàn padà, àyà mi sì já bó ṣe máa ń já. Ẹ̀wọ̀n píìnì yẹn wà nínú dírọ́à lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago. Kìlómítà 12 ló wà lórí ìwé fún ọ̀la, láìwo aago, ọmọbìnrin mi sì ti ní kí n jí òun, òun máa bá mi dé orígun àkọ́kọ́.