Sàlẹ́ńsà Wo Ló Yẹ Ọkọ̀ Orí Yanrìn?

Àwa díẹ̀ wà ní Abuja àti Kaduna tí a fi Volkswagen Ìjàpá àtijọ́ kọ́ ọkọ̀ orí yanrìn, èyí tí a ń pè ní bọ́gí. Ìdí tí a fi yan Ìjàpá kò ṣòro: ara rẹ̀ fúyẹ́, ẹ́ńjìnì rẹ̀ jókòó sẹ́yìn sórí táyà tí ó ń ti ọkọ̀ síwájú, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń tù ú, nítorí náà kò ní rédíétọ̀ tí igi tàbí òkúta lè dá lu nínú igbó. Bruce Meyers ni ó kọ́kọ́ fi èrò yìí gba òkìkí ní California ní ọdún 1964, nígbà tí ó fi ara fáíbà àti ẹ́ńjìnì Ìjàpá kọ́ Meyers Manx àkọ́kọ́. Ní tiwa, ilé iṣẹ́ Volkswagen tí ó wà ní Ọ̀jọ́ ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ ní 1975, ìdí sì nìyẹn tí a fi ṣì ń rí ṣáásí àti ẹ́ńjìnì rẹ̀ lẹ́yìnkùlé àwọn mẹkáníìkì títí di òní.

Ìbéèrè tí àwọn tí wọ́n ń kọ́ tiwọn lọ́wọ́ máa ń bi mí jù lọ ni ti sàlẹ́ńsà, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ máa ń fẹ́ mọ̀ ni èyí tí yóò dún jù. Lójú tèmi, kò yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ rárá. Lórí yanrìn, ohun tí ọkọ̀ nílò ni agbára nígbà tí ẹ́ńjìnì kò tíì máa yí kíákíá, kí táyà lè máa gùn lọ láìrì. Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni kí orí ẹ́ńjìnì má gbóná kọjá ààlà. Sàlẹ́ńsà tí a bá fi ohun méjèèjì yìí wọ̀n lè dákẹ́ dáadáa, kò sì ní gba agbára lọ́wọ́ ọkọ̀ débi tí awakọ̀ yóò fi fura.

Páìpù tí ó ń gbé èéfín dé ìdí sàlẹ́ńsà ló yẹ kí a kọ́kọ́ yanjú, nítorí pé òun ni ó ń pinnu èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ agbára. Bí ẹ́ńjìnì yín bá jẹ́ 1600 (ìwọ̀n ìtóbi inú sílíńdà rẹ̀ lápapọ̀, ní sísí) tí ẹnikẹ́ni kò tíì fẹ ihò rẹ̀, orí fáàlù èéfín rẹ̀ kò ju mìlímítà 32 lọ ní ìbú, páìpù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 35 sì ti tó fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ti sọ tirẹ̀ di 1776 lè lọ sí mìlímítà 38. Bí páìpù bá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, èéfín kò ní sáré mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni eré tí ó ń sá ni ó ń jẹ́ kí ó fa ìyókù èéfín jáde lẹ́yìn rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ àti epo tuntun lè ráyè wọlé. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń sọ pé ẹ́ńjìnì fẹ́ kí nǹkan dí èéfín díẹ̀ kí ó tó lágbára. Mo bọ̀wọ̀ fún ìrírí wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe dídí ni ó ń ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí a bá yọ páìpù tóóró tí a fi gbàǹgbà rọ́pò rẹ̀, tí ọkọ̀ sì di ọ̀lẹ nísàlẹ̀, eré èéfín ni a pàdánù, kì í ṣe ìdíwọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà nípa ẹ́ńjìnì Ìjàpá tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí yóò bẹ ajórin níṣẹ́ mọ̀ dájú. Sílíńdà 1 àti 2 wà ní apá ọ̀tún, 3 àti 4 wà ní apá òsì, ètò tí wọ́n sì fi ń jó epo ni 1, 4, 3, 2. Bí a bá fi ojú apá tí wọ́n wà wò ó, ọ̀tún ni ó kọ́kọ́ jó, òsì tẹ̀ lé e, òsì tún jó lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó tó padà sí ọ̀tún. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí sílíńdà 4 bá ti tú èéfín rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ́ńjìnì tó yí ju ìdajì lọ, 3 tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti tú tirẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni apá òsì yóò wá sinmi fún ìyípo kan ààbọ̀ gbáko. Bákan náà ni ó rí ní apá ọ̀tún. Nítorí náà, bí a bá ní kí ajórin ṣe sàlẹ́ńsà kékeré méjì, kí apá kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, èéfín méjì yóò máa kọ lu ara wọn nínú páìpù kan náà, lẹ́yìn náà páìpù yóò wà lófìfo. Dídún rẹ̀ yóò máa já, agbára rẹ̀ nísàlẹ̀ kò sì ní dán mọ́rán. Ọ̀nà tí ó dára jù ni kí páìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pàdé lẹ́yìn ẹ́ńjìnì kí wọ́n sì di ẹyọ kan ṣoṣo, kí gígùn wọn súnmọ́ ara wọn bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Iṣẹ́ tí ó gba sùúrù ni, nítorí pé páìpù sílíńdà 1 àti 3 ní láti rin ìrìn gígùn láti iwájú bọ̀ sẹ́yìn, nígbà tí ti 2 àti 4 wà nítòsí, àwọn ni a ó sì ní láti tẹ̀ kọrọ kí wọ́n lè gùn tó.

Láti ilé iṣẹ́, èéfín sílíńdà 1 àti 3 máa ń gba inú àpótí ooru tí ó ń mú kí inú ọkọ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́ kọjá. Bọ́gí kò ní ilẹ̀kùn, kò sì sí ẹni tí ó nílò ooru sí i ní ìhà àríwá níbí, nítorí náà gbogbo wa ni a máa ń yọ àpótí wọ̀nyí kúrò tí a ń fi páìpù lásán rọ́pò wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbàgbé ihò méjì tí ó wà lára àpótí fáànù, èyí tí ó ń fẹ́ atẹ́gùn lọ sínú àpótí ooru náà. Bí ẹ kò bá dí wọn, atẹ́gùn tí ó yẹ kí ó tu orí sílíńdà yóò máa gba ibẹ̀ sá lọ lásán, oòrùn oṣù kẹta sì ti tó ìnira fún ẹ́ńjìnì tí ẹnikẹ́ni kò já lólè.

Ní ti sàlẹ́ńsà gan-an, mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fi lọ̀ wá. Èkíní ni páìpù gbọọrọ tí kò ní nǹkan kan nínú, èyí tí ó máa ń na ìdí sókè lẹ́yìn ọkọ̀. Iṣẹ́ ìdíje ni ó wà fún, n kò sì ní dá ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti gbé e. Èkejì ni oníyàrá, tí ògiri irin pín inú rẹ̀ sí yàrá yàrá tí ìró fi ń lù padà tí ó sì ń pa ara rẹ̀. Ó ń pẹ́, ó sì ń dákẹ́, ṣùgbọ́n ó wúwo, bí ihò inú rẹ̀ bá sì kéré, yóò há èéfín mọ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tí èéfín ń gba páìpù oníhò wínníwínní kọjá tààrà, tí wọ́n fi òwú gíláàsì yí ká inú agolo rẹ̀ láti gbé ìró mì. Òun ni mo fara mọ́ fún bọ́gí, bí agolo rẹ̀ bá gùn tí ó sì sanra, nítorí pé ó fúyẹ́, kì í dí èéfín, ajórin tí ó mọṣẹ́ sì lè ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àléébù rẹ̀ ni pé òwú náà máa ń jóná díẹ̀díẹ̀ tí èéfín yóò sì máa fẹ́ ẹ jáde, ariwo yóò sì máa pọ̀ sí i. Ẹ ní kí wọ́n fi bóòtì de ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ dípò kí wọ́n jó o pa, kí ẹ lè máa pààrọ̀ òwú náà nígbà tí ó bá yẹ.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ mi kan kò ní gbà pẹ̀lú mi lórí ọ̀rọ̀ ariwo, ṣùgbọ́n n kò lè fi í sílẹ̀. Ní California, níbi tí eré yìí ti bẹ̀rẹ̀, òfin kò fàyè gba ọkọ̀ orí yanrìn tí wọ́n ṣe láti ọdún 1986 wá láti kọjá dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 96 (dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì ni a fi ń wọn ariwo), tí a bá wọ̀n ọ́n ní ìwọ̀n íǹṣì 20 sí ẹnu páìpù. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo ti wà láti 2009. Síbẹ̀, ká tilẹ̀ gbé òfin tì, ibi tí a ti ń wa ọkọ̀ wa kò ṣófo. Etí odò tí ó gbẹ lẹ́ẹ̀rùn ni ọ̀pọ̀ wa ń lọ. Àwọn Fúlàní ń da màlúù kọjá níbẹ̀, àwọn tí ń wa yanrìn ń ṣiṣẹ́ oòjọ́ wọn, abúlé kì í sì í jìnnà débi tí wọn kò ní máa gbọ́ wa nígbà ìrun tàbí nígbà ìsìn. Màlúù tí ó bá ta kìjí lè tẹ ọmọ darandaran mọ́lẹ̀. Etí awakọ̀ pẹ̀lú ń jìyà: dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 85 fún wákàtí mẹ́jọ ni àwọn onímọ̀ ìlera ibi iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fi ṣe òpin, wọ́n sì ń gé àkókò náà sí ìdajì bí ìró bá ti fi 3 lé sí i, tí ó fi jẹ́ pé ní 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Ẹni tí ó jókòó sí iwájú páìpù gbọọrọ ní gbogbo ọ̀sán Sátidé ń fi etí rẹ̀ san owó náà.

Nǹkan kékeré kan tún wà tí mo fẹ́ kí gbogbo wa máa fi sí ẹnu páìpù: àwọ̀n irin tí ń mú ẹta iná, tí ihò rẹ̀ kò ju mìlímítà 0.6 lọ. Koríko ìgbà ọyẹ́ kò nílò ju ẹta kan lọ.

Nípa irin tí a ó fi ṣe é, ẹ̀gbọ́n kan láti Ọ̀fà tí ó ń jórin ní Panteka, Kaduna, sọ fún mi pé, “Àbúrò, ohun yòówù kí o gbé wá, má gbé páìpù omi wá.” Páìpù omi funfun tí wọ́n fi síńkì bò ni ó ń sọ, nítorí pé ó rọrùn láti rí, kò sì wọ́n. Bí iná bá kan síńkì náà, yóò di èéfín funfun, ajórin tí ó bá fà á símú lè máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe ní alẹ́ ọjọ́ náà. Irin lásán tí ó nípọn tó mìlímítà 1.5 dára, kò sì ṣòro láti jó. Bí owó bá wà, irin tí kì í dípẹtà dára jù, a sì lè rí i lára sàlẹ́ńsà tòkunbọ̀. Ẹ má ṣe fi mágnẹ́ẹ̀tì nìkan dájọ́ níbẹ̀: oríṣi tí wọ́n ń pè ní 304 kì í sábà gbá mágnẹ́ẹ̀tì mú, ṣùgbọ́n 409, tí wọ́n ń lò gan-an fún sàlẹ́ńsà ọkọ̀, ń gbá a mú bí irin lásán. Àwọn tí ń fi aṣọ gíláàsì wé páìpù nítorí ẹwà, ẹ rántí pé aṣọ náà ń gba omi sára, irin lásán tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ a sì tètè jẹrà.

Ara ẹ́ńjìnì ni kí ẹ so sàlẹ́ńsà mọ́, ẹ má ṣe so ó mọ́ ṣáásí tàbí irin ààbò ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ́ńjìnì máa ń mì lórí rọ́bà tí ó gbé e dúró, ṣáásí kì í bá a mì, bí a bá sì de sàlẹ́ńsà mọ́ méjèèjì, ojú ibi tí a jó ni yóò kọ́kọ́ là. Ẹ gbé e sókè tó kí ìdí ọkọ̀ má baà fi í wọ́ yanrìn nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkìtì, kí ẹnu páìpù sì kọjá ẹ̀yìn ọkọ̀ pátápátá, nítorí pé èéfín olóró lè yí padà wá bá ẹni tí ó jókòó bí ọkọ̀ bá rọra ń lọ.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti wọ̀ tán, ẹ yẹ kàbùrétọ̀ wò. Èéfín tí ó ń jáde fàlàlà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ tí ń wọlé pọ̀ sí i, epo tí ó ń bá a wọlé sì lè má tó mọ́. Ẹ wa ọkọ̀ náà dáadáa, ẹ pa á, kí ẹ tú pílọ́ọ̀gì wò: bí ẹnu rẹ̀ bá ní àwọ̀ ilẹ̀ tí ó mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó dára, bí ó bá funfun, ẹ fi jẹ́ẹ̀tì (ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá nínú kàbùrétọ̀) tí ó tóbi sí i rọ́pò èyí tí ó wà níbẹ̀ kí fáàlù èéfín tó jóná, bí ó bá dúdú kirikiri, epo ti pọ̀ jù. Sílíńdà 3 ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, pàápàá lára ẹ́ńjìnì àtijọ́ tí ìtutù ọ́ìlì rẹ̀ dúró sínú àpótí fáànù tí ó ń dí atẹ́gùn mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ bá ń ta pó-pó nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù, ẹ kọ́kọ́ wo gásíkẹ́ẹ̀tì ibi tí páìpù ti kan orí sílíńdà kí ẹ tó fọwọ́ kan kàbùrétọ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ sábà máa ń gba ibẹ̀ wọlé. Kí ẹ sì tún nọ́ọ̀tì ibẹ̀ fún lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná tí ó sì ti tutù.