Ẹgbẹ̀rún kan náírà láti lọ wo ewúro

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti kọ nǹkan síbí gbẹ̀yìn, iṣẹ́ ló pọ̀, iná náà ò wá, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí, ẹ lè ti máa fi mí rẹ́rìn-ín ká tó débẹ̀: mo wọkọ̀ kúrò l'Ákùúrẹ́ ní Sátidé, mo san ẹgbẹ̀rún kan náírà, torí kí n lè wọ ẹ̀yìnkùlé màmá kan lọ wo ewúro. Èmi tí ewúro wà lẹ́yìn ilé ìdáná wa látìgbà tí wọ́n ti bí mi, tí mo máa ń ṣe bí ẹni ò gbọ́ tí wọ́n bá ní kí n lọ já a.

Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló fà á. Abúlé wọn wà lọ́nà Ìdànrè, ibi tẹ́ ẹ ti máa rí àwọn òkè ńlá yẹn tí wọ́n dúró gbagidi lọ́ọ̀ọ́kán. Ìjì oṣù Kẹta ló ká páànù orí ilé ìgbẹ̀bí wọn lọ, ó lọ jù ú sínú oko kòkó, nọ́ọ̀sì wá ń gbẹ̀bí nínú yàrá kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù tó ní òrùlé. Wọ́n ti kọ lẹ́tà, wọ́n ti lọ wọ́n ti bọ̀, "à ń bọ̀ wá wò ó" náà ni wọ́n ń gbọ́ látìgbà yẹn.

Ìgbà yẹn ni àǹtí kan tó jẹ́ ọmọ abúlé yẹn, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba, bá sọ ọ́ lórí WhatsApp wọn pé kí àwọn tó ní ọgbà tó dáa jẹ́ káwọn èèyàn máa sanwó wọlé wá wò ó. Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Àǹtí ní kí wọ́n má rẹ́rìn-ín, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lọ́dọ̀ àwọn níbẹ̀, National Garden Scheme ni wọ́n ń pè é, ọdún 1927 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọgbà 609 ni àwọn tó ni wọ́n ṣí sílẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, ṣílè kan ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ owó ẹ̀ lé ní 8,000 pọ́n-ùn. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń rìn láti ilé dé ilé tọ́jú aláìsàn ni wọ́n sì ń kó owó yẹn jọ fún. Wọ́n ṣì ń ṣe é dòní olónìí, abúlé mìíràn wà tí bí ilé méje mẹ́jọ ti máa ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ kan náà, èèyàn á ra tíkẹ́ẹ̀tì kan á máa wọ̀ wọ́n ká, á máa mu tíì á máa jẹ kéèkì láàárín òdòdó olódòdó. Bí ọ̀rọ̀ ṣe kan nọ́ọ̀sì yẹn ló mú àwọn àgbà abúlé dákẹ́.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé tiwa ò ní ilẹ̀kùn tí wọ́n fẹ́ ṣí. Ẹ̀yìnkùlé ta ni wọ́n tì pa lábúlé? Tí ọbẹ̀ bá wà lórí iná tí ẹfinrin ò sí, ẹ kàn máa pàgọ̀ lẹ́yìn ilé aládùúgbò ni, wọ́n á ní ẹ já a, ẹ tiẹ̀ ti ń já a kí wọ́n tó dáhùn. Ohun tó ń dùn mí nínú bí mo ṣe ń lọ nìyẹn, mò ń rò ó pé ta ló máa sanwó nǹkan tí wọ́n ti ń fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Wọ́n sì wá o. Àwọn kan tiẹ̀ ti Oǹdó wá.

Ilé olówó la kọ́kọ́ wọ̀. Gééti ńlá, koríko tí wọ́n gẹ̀ bí irun orí ọmọ iléèwé, òdòdó tí wọ́n gé rìbìtì rìbìtì, ọmọkùnrin kan wá dúró síbẹ̀ tó ń sọ pé "ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tẹ koríko." A ya fọ́tò, a jáde. Mi ò bú wọn ṣá o, àwọn ni wọ́n dá owó tó pọ̀ jù lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ ká sòótọ́, mi ò rántí òdòdó kan níbẹ̀ mọ́.

Bàbá Tíṣà ni tiẹ̀ yàtọ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì, ọsàn ló kù tó ń kọ́ níwèé báyìí. Ó pe gbogbo wa yí igi lẹ́mọ̀ọ́nù kékeré kan ká, èyí tára ẹ̀ ń rí wúruwùru, tó nípọn tó bíbírò báyìí. Ó fi ọ̀bẹ rẹ́ èèpo ẹ̀ bíi lẹ́tà T, ó ṣí etí èèpo yẹn méjèèjì bí ẹni ṣí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì, ó wá gé ojú kan lára ẹ̀ka ọsàn tó dùn, ojú yẹn ò ju ẹ̀wà lọ, ó tì í bọ inú èèpo yẹn, ó fi ọ̀rá dì í gírígírí, ó wá fi ojú ọsàn yẹn sílẹ̀ kó máa yọjú. Ó ní lẹ́mọ̀ọ́nù ló ń bá a wá oúnjẹ nísàlẹ̀, ọsàn ló máa so lókè. Ó ní èyí téèyàn bá fi kóró gbìn lè gbà tó ọdún méje kó tó so, pé èyí ò ní ju ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Tíṣà, ẹ bá mi lẹ ọmọ mi náà bẹ́ẹ̀." Bàbá ní òun ti fẹ̀yìn tì.

Ìyé ló wá kàn. Ìyé ni gbogbo abúlé ń pè é, mi ò gbọ́ orúkọ mìíràn. Wọ́n gbé ọmọkùnrin kan tó mú nóòtù àti bírò dání jókòó síwájú ilé ẹ̀ kó máa gbowó, inú Ìyé ò sì dùn sí i rárá, nígbà tá a débẹ̀ ó ń sọ pé, "Ta ló ní kó jókòó síwájú ilé mi bí ẹni ń gba owó orí?" Wọ́n bẹ̀ ẹ́ bẹ̀ ẹ́, wọ́n rán an létí ilé ìgbẹ̀bí, ó ní ó dáa.

Ẹ̀yìnkùlé yẹn, téèyàn bá kọ́kọ́ wò ó, igbó ni. Lápálápá ló fi ṣọgbà yí i ká, ṣé ẹ rántí oje ẹ̀ tá a máa ń fẹ́ bíi fọ́ọ̀mù ọṣẹ nígbà tá a wà lọ́mọdé? Pèrègún wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní ọkọ òun ló rì í mọ́lẹ̀ láti fi pààlà, ọkọ ti lọ, ààlà ṣì wà. Igi akòko kan dúró sẹ́yìn, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń wá já ewé tí wọ́n bá fẹ́ fi ẹnì kan joyè. Ẹfinrin wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ọ̀dúndún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, rínrín ló hù yí ìdí dúrọ́ọ̀mù omi ká níbi tómi ń ro sí. Kò sí èyí tó gbìn síbi tí kò nídìí.

Ibi tí mo ti ń yọ fóònù láti ya rínrín yẹn ni mo ti fi bàtà tẹ imọ̀ ọ̀pẹ kan tó wà nílẹ̀. Mi ò mọ̀ pé abẹ́ ẹ̀ ló da ṣọkọ sí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Gbogbo èèyàn pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, mo ní "ẹ má bínú mà", Ìyé wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ará Ákùúrẹ́ ni ẹ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ó ní, "Mo rí i lára bàtà ẹ." Ó ní kí n bọ́ ọ sílẹ̀, ó fún mi ní ike omi, èmi ni mo bomi rin ṣọkọ yẹn tán lẹ́sẹ̀ lásán níṣojú gbogbo ayé, ọ̀rẹ́ mi sì ń ya fọ́tò, ọlọ́run á san án fún un.

Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ jáde lára àwa tá a sanwó, Ìyé ní kó dúró. Ó ní ṣé kó wá san ẹgbẹ̀rún kan kó tún máa lọ lọ́wọ́ òfìfo? Ó gé ewúro, ó dì í, ó gbé e fún un. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kejì. Nígbà táwọn èèyàn gbọ́ lójúde, ìlà gùn dé iwájú ilé, ọmọkùnrin onínóòtù ò ráyè mí. Ọ̀gá kan tó ń ṣètò ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé Ìyé, ẹ má gé gbogbo ẹ̀, wíwò ni wọ́n wá wò, Ìyé ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta, igi ewúro mẹ́ta tó wà níbẹ̀ ti di ọ̀pá, kò sí ewé kan lórí wọn. Mo ní "Ìyé, ẹ ò wá ní rí èyí tẹ́ ẹ máa fi sebẹ̀ lálẹ́ yìí." Ó ní òun á yà sílé aládùúgbò lọ já.

A jẹ àkàrà àti ẹ̀kọ lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ka owó. Kò tíì tó ra gbogbo páànù, àmọ́ wọ́n ní ó máa tó igi àti ìṣó, àwọn tó ń kan ilé lábúlé ti ní àwọn ò ní gbowó iṣẹ́.

Mo délé, mo fọ ewúro, ó hó bí ẹni fi ọṣẹ sí i, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó ṣì korò. Íntálọ́ọ̀kì ni wọ́n tẹ́ sí gbogbo ilẹ̀ ilé tí mo háyà, kò síbi téèyàn lè gbin nǹkan, torí náà mo bu iyẹ̀pẹ̀ sínú rọ́bà ọ̀dà, mo ki ọ̀pá méjì tó wà nínú ìdì yẹn bọ̀ ọ́, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Onílé wa ní kí ni mo ń gbìn, mo ní ewúro ni sà, ó fa ètè, ó lọ.

Àná ló yọ ewé méjì. Ìyàwó onílé ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé ìgbà wo ló máa tó já.