Ọdún 2025: Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣẹ́gun mi

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè pé kí ló pa mí lẹ́nu mọ́ láti oṣù kẹwàá, ẹ fara balẹ̀. Mo rántí pé lọ́dún tó kọjá mo kọ ọ́ síbí pé 2025 ni èmi náà máa ra jẹnẹrétọ̀. Kò sí jẹnẹrétọ̀. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Oṣù méjìlá ni wọ́n ní ọdún ní. Ọjọ́ kan ni tèmi ní: Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá. Ẹni tó sọ ọjọ́ yẹn ní Ìṣẹ́gun kò tíì ra góòlù rí.

Ìyókù ò gba àlàyé. Láti oṣù kìíní ni mo ti ń fi owó dẹ́mò, owó ìdánrawò, kọ́ fórẹ́ẹ̀sì, òwò pàṣípààrọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè, lọ́dọ̀ Bọ̀ọ̀dá Òkè-Ìlèwó. Owó dẹ́mò kì í ṣe owó ẹnì kankan, ni mo bá ń kó èrè bí ẹni ń bu omi odò Ògùn. Ní oṣù kẹfà, orí mi wú, mo kọ̀wé fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Ní oṣù keje, a ta ọkọ̀ Bàbá.

Ẹ mọ ọkọ̀ yẹn. Màámi ló ní ká tà á, pé ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ mọ́, ilé eku ni. ₦1,380,000. Mo ṣẹ́ ẹ sí dọ́là, ó bọ́ sí $900. Kọ́kọ́rọ́ kan ni ẹni tó rà á gbà, ó gbàgbé ìkejì sára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa.

Yúrò sí dọ́là ni mo fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú lọ́ọ̀tì 0.01, ìyẹn ìwọ̀n òwò kékeré. Bí iye bá sún ní pípù kan, ìyẹn 0.0001, sẹ́ǹtì mẹ́wàá lo jèrè tàbí lo pàdánù. Èrè ọ̀sẹ̀ mìíràn ò tó owó ìrẹsì ọ̀fadà ní ọjà Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta, àmọ́ kì í pa èèyàn. Òfin Bọ̀ọ̀dá ni pé òwò kan ò gbọdọ̀ fi ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹni wewu. Nínú $900, $18 nìyẹn.

Oṣù kẹwàá dé. Ìjọba Amẹ́ríkà ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa nítorí ìjà ìsúnná owó, ìròyìn iye iṣẹ́ tí wọ́n máa ń kéde ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ oṣù kò jáde. Inú rúkèrúdò yẹn, ní ọjọ́ kẹjọ, góòlù kọjá $4,000 lórí áǹsì kan. Gbogbo ẹni tí mo mọ̀ lágbo wa di oníwúrà. Nígbà tó máa fi di Mọ́ńdè ọjọ́ 20, ó ti lé ní $4,380. Ojúkòkòrò wọ̀ mí. Mo rà á ní $4,360, lọ́ọ̀tì 0.05, ìyẹn áǹsì márùn-ún. Bí góòlù bá sún ní dọ́là kan, márùn-ún ni tèmi. Mo fi stop loss, àṣẹ tó máa ń ti òwò pa kí àdánù má bàa pọ̀ jù, sí $4,330: bí nǹkan bá yíwọ́, $150 lọ. Mo ṣírò, mo rí i pé kì í ṣe $18, mo gbójú kúrò níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, mo wà lẹ́yìnkùlé lọ́dọ̀ Màámi ní Kẹ́mta, mò ń bá a fa aṣọ jáde nínú ìkòkò aró. Ẹ̀yin tí ẹ kò rí i rí: aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ sí i ló ń dúdú. Mo na aṣọ lọ́wọ́ kan, fóònù wà lọ́wọ́ kejì. Iye ti wálẹ̀ sí $4,333. Ìka yìí náà, tí aró ti bò, ni mo fi yọ stop loss kúrò. Mo ní yóò padà sókè.

Kò padà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti já kọjá $4,185, owó mi ò lè gbé òwò náà mọ́, ẹ̀rọ sì tì í pa fúnra rẹ̀. Ó ṣẹ́ ku $22. Wọ́n ní góòlù ò tíì já bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan láti 2013. Ẹ wo bí mo ṣe mọ ọjọ́ yàn.

“Kí lò ń wò báyẹn, Àjàní?”

“Wọ́n mú iná lọ, Màámi.”

Ìta gbangba la wà o, inú oòrùn.

Ọjọ́ kẹwàá ni mo tó lè sọ fún un. Kò pariwo. Ó ní, “Ta wá ló kó owó náà?” Mo ṣàlàyé ọjà títí, kò yé èmi náà. Ó ní, “Kí wọ́n tó bí ẹ ni dọ́là ti ń jà mí lólè. Bó bá ti gbówó lórí, ẹni tó ń ta aró òyìnbó fún mi á yí ohùn padà. Àmọ́ èmi kì í lọ bá a nílé ẹ̀.”

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo rí i tó yọ kọ́kọ́rọ́ yẹn lára ìṣó. Ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì gbé e padà.

Ẹni tó ra ọkọ̀ náà, bí ẹ bá ń kà á, ẹ fọkàn balẹ̀. Mi ò ní wá jí i. Mi ò lówó epo.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá Òkè-Ìlèwó, tí kò bú mi, tó kàn gbé ìwé kékeré lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa kọ gbogbo òwò sí i, àti ìdí tí mo fi wọ̀ ọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì, tó ta gààrí àwìn fún mi tó sì ń pè mí ní “ọ̀gá dọ́là” lójú gbogbo àdúgbò. Lọ́ọ̀tì 0.01 ni mo padà sí. $22 yẹn ti di $26. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Èyí tó ya èmi gan-an lẹ́nu ni pé mo gbé àwòrán àdìrẹ Màámi sórí Facebook, ẹnì kan ní Jámánì ra mẹ́ta. Yúrò àkọ́kọ́ tí mo fojú ara mi rí lọ́dún yìí nìyẹn, mi ò sì wo àtẹ iye ọjà kankan kí n tó rí i.

Bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́, Màámi yọjú.

“Ọjà yín yẹn, ṣé wọ́n máa ná an lọ́la?”

“Rárá, Màámi. Ọdún ni, wọ́n máa tì í.”

“Ó dáa. Gbé fóònù sílẹ̀, wá bá mi fún aṣọ.”