Exit code 137

Lálẹ́ àná, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwo ìkọ́kọrẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ni build (iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe láti kó kóòdù wa pọ̀ kó sì dán an wò) tún pupa fòò: ó kùnà. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn. Ọ̀gá mi ti kọ ọ́ síta pé kóòdù mi ló bà á jẹ́. Ó kù díẹ̀ kí n gbà bẹ́ẹ̀ kí n lọ sùn, àfi bí mo ṣe wo ìsàlẹ̀ log (àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀): "exit code 137", nọ́ńbà tí iṣẹ́ náà fi sílẹ̀ nígbà tó dúró. Háà! 128 pẹ̀lú 9 nìyẹn: 128 ń sọ pé àmì kan ló dá a dúró, 9 sì ni àmì "pa á". Wọ́n pa iṣẹ́ náà lójijì ni, memory (ààyè ìrántí kọ̀ǹpútà) tí kò tó ló sì sábà máa ń fà á. Ká ní àṣìṣe nínú kíkọ kóòdù ni, compiler (ètò tó ń túmọ̀ kóòdù fún kọ̀ǹpútà) ì bá ti dárúkọ fáìlì àti ìlà tó bàjẹ́. Ká ní test (ìdánwò kóòdù) ló kùnà, á sọ ohun tó ń retí àti ohun tó rí. (Test tó yege láàárọ̀ tó wá kùnà lálẹ́, tẹ́nikẹ́ni ò fọwọ́ kan kóòdù, ìyẹn lọ̀tá mi gan-an.)

Màmá mi yọjú. "O ò tíì jẹun?"

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀sùn ni wọ́n fi kàn mí."

"Ìkọ́kọrẹ́ yẹn ti ń dì o."

Mo dín test tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kù láti 8 sí 2, kí memory lè tó. Ó yege. Ọ̀gá ò tíì fọhùn.